Ẹyẹ Kékeré, Bàálù Ńlá: Kí Ló Kan Ààtàn Ẹ̀yìn Ọgbà Wa?

 

Gbogbo wa la mọ̀ pé tí bàálù bá ń kọjá lórí ilé ìwé wa, olùkọ́ á dákẹ́ díẹ̀ títí ariwo náà á fi lọ. Ó ti mọ́ wa lára. Àwọn ọmọ JSS1 nìkan ló ṣì ń sáré lọ sójú fèrèsé. Àmọ́ lọ́jọ́rú kan, lẹ́yìn bírékì, mo rí ohun kan tí n kò fọkàn sí rí. Àwọn àwòdì bíi mẹ́jọ ń rà bàbà lókè ààtàn tó wà lẹ́yìn ọgbà, àwọn lékeléke sì tò sórí ìdọ̀tí náà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Bàálù kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ó ti wálẹ̀ débi pé mò ń rí táyà rẹ̀. Bí ariwo rẹ̀ ṣe dé, gbogbo ẹyẹ yẹn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fọ́n ká. Bàálù kọjá, nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n àyà mi já.

Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé, "Tí ẹyẹ yẹn bá kọ lu bàálù ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹyẹ wo? Bàálù á kàn gbé e mì bí ẹni gbé ẹ̀kọ mì ni." Bí gbogbo kíláàsì ṣe dá sí i nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ pa òwe fún mi, ó ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Òwe náà dùn, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo lọ bá olùkọ́ Físíìsì wa, mo sì wá ìwé kà. Ohun tí mo rí ni mo kó wá fún yín yìí.

Eré ló ń pa, kì í ṣe ẹyẹ

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a kọ́ ní kíláàsì wò ó. Agbára tó wà lára ohun tó ń sáré ni ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, lọ́nà eré rẹ̀, lọ́nà eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eré wọ inú ìṣirò yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ká ní ẹyẹ kan wúwo tó kílò 1. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ó sì kọ lu ẹyẹ náà. Agbára tí wọ́n fi kanra jẹ́ júùlù 50. Ó lè dun ọlọ́kadà, ó lè ṣépè, àmọ́ á máa bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé bàálù. Nígbà tó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, eré rẹ̀ lè tó kìlómítà 250 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi mítà 70 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré náà jẹ́ ìlọ́po 7 ti ọ̀kadà yẹn. Ṣùgbọ́n agbára ò di ìlọ́po 7, ìlọ́po 49 ló dà, nítorí 7 lọ́nà 7 ni 49. Júùlù 2,450 nìyẹn. Tí ẹ bá gbé odindi àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 lọ sókè tó ga tó mítà 5, tí ẹ sì jù ú sílẹ̀, agbára tó máa fi balẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹyẹ kan náà ni, kílò kan náà ni. Eré ló sọ ọ́ di àpò sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí mo kọ ìṣirò yìí sójú bọ́ọ̀dù, ẹni tó fi ẹ̀kọ ṣàpèjúwe fún mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Tí ẹyẹ bá wọ inú ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì bàálù tí à ń rí lábẹ́ apá rẹ̀ yẹn, fáànù ńlá ló wà níwájú rẹ̀. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tó fà á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sẹ́yìn, òun ló ń ti bàálù síwájú. Ìyókù á wọ àárín gbùngbùn, níbi tí wọ́n ti ń fún un pọ̀, tí wọ́n ti ń fi epo sí i, tó sì ti ń jó.

Tí ẹyẹ kékeré kan bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó lè máà bá nǹkan kan jẹ́. Àwọn tó wà nínú bàálù lè máà mọ̀ pàápàá. Àmọ́ tí ẹyẹ ńlá bá wọlé, tàbí tí agbo ẹyẹ bá wọ ibi gbùngbùn yẹn, ó lè tẹ abẹ fáànù tàbí kó kán an. Èyí tó kán á lọ gún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa dún gbàù gbàù, iná lè máa yọ lẹ́yìn rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ èyí, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kí òfin tó gbà kí ẹ́ńjìnnì tuntun gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó lè fara da ẹyẹ. Ìbọn ńlá kan wà tó ń fi afẹ́fẹ́ yìn, òkú ẹyẹ ni wọ́n ń kì sí i, wọ́n á sì yìn ín sínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí. Fún ẹyẹ ńlá kan ṣoṣo, òfin ò ní kí ẹ́ńjìnnì náà máa ṣiṣẹ́ lọ, ó kàn ní kò gbọdọ̀ dá wàhálà tó lè já bàálù sílẹ̀. Gíláàsì iwájú náà ní òfin tiẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dúró kí ẹyẹ tó wúwo tó kílò 1.8 má wọlé bá awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to gíláàsì náà ní ìpele ìpele.

Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí nípa àmì funfun tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tó máa ń wà láàárín fáànù ẹ́ńjìnnì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kùn ún fún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí, kí wọ́n má baà sún mọ́ ọn. Àwọn kan gbà pé ó tún ń lé ẹyẹ, àmọ́ tìtorí èèyàn ni wọ́n fi kùn ún.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í ṣe àlọ́

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti bàálù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́jọ́ orí pẹ̀lú bàálù fúnra rẹ̀. Orville Wright, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìyá méjì tó kọ́kọ́ fò, ti kọ lu ẹyẹ lọ́dún 1905, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbéra. Lọ́dún 1912, ẹyẹ òkun kan há sínú ẹ̀rọ ìdarí bàálù Cal Rodgers ní Kalifọ́níà, ọkùnrin náà sì kú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, bàálù kan gbéra ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ó sì wọ àárín agbo ẹyẹ kéékèèké. Ẹyẹ wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó gíráàmù 100. Nínú èèyàn 72 tó wà nínú ọkọ̀ náà, 62 ló kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo kékeré ẹyẹ, ẹ wo iye wọn.

Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988, agbo ẹyẹlé wọ ẹ́ńjìnnì méjèèjì bàálù Ethiopian Airlines kan nígbà tó ń gbéra ní ìlú Bahir Dar. Èèyàn 104 ló wà nínú rẹ̀, 35 kú. Ẹyẹlé o, ẹyẹ tí à ń sìn nílé, tí a mọ̀ sí ẹyẹ àlàáfíà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2009. Bàálù kan gbéra ní New York pẹ̀lú èèyàn 155. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí agbo pẹ́pẹ́yẹ ńlá inú igbó fi wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, agbára sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lára wọn. Chesley Sullenberger ni ọ̀gá awakọ̀, Jeffrey Skiles ni igbákejì rẹ̀. Wọn ò ní ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ lọ láti ronú. Wọ́n rí i pé àwọn ò lè dé pápákọ̀ kankan, wọ́n bá gbé bàálù náà lé orí odò Hudson. Gbogbo èèyàn 155 ló yè. Òun ni wọ́n fi ṣe fíìmù tí wọ́n pè ní Sully.

Ṣé ẹyẹ lè bá bàálù lókè réré? Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí wa. Lọ́dún 1973, igún kan wọ ẹ́ńjìnnì bàálù lókè Abidjan, ní nǹkan bíi mítà 11,300. Bàálù náà balẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí irú ìkọlù yìí ti pọ̀ jù lọ kì í ṣe òkè réré, ìtòsí ilẹ̀ ni, nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí ẹyẹ wà ni, ibi tí àwa náà wà.

Kí ni awakọ̀ máa ń ṣe?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá kọ lu bàálù ni ewu ń wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í ṣe bàálù ní nǹkan kan. Bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì méjì lè fi ọ̀kan ṣoṣo fò, kó sì fi balẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ àwọn awakọ̀ ní èyí láìmọye ìgbà.

Kí wọ́n tó sáré gbéra, wọ́n ti ṣírò eré kan sílẹ̀. Ká pè é ní eré ìpinnu. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé eré yẹn, wọ́n á tẹ bíréékì, wọ́n á dúró. Tí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀, títì tó kù ò lè gbà wọ́n láti dúró mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbéra ná, kí wọ́n wá yí padà wá balẹ̀. Lọ́wọ́ kan, wọ́n ti pinnu kí wàhálà tó dé.

Lẹ́yìn tó bá balẹ̀, àwọn ẹnjiníà á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo abẹ kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá tẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí bàálù yẹn tó tún lè gbé èrò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún èrò pé ẹyẹ ló dá ọkọ̀ dúró, tí àwọn kan sì ń pariwo pé irọ́ ni, ẹ ṣe sùúrù. Ó lè jẹ́ òótọ́.

Kí ló ń pe ẹyẹ wá?

Ẹyẹ ò bá bàálù jà. Oúnjẹ ló ń wá. Pápákọ̀ tẹ́jú, koríko wà níbẹ̀, kòkòrò wà nínú koríko, omi sì ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Lékeléke fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan-an. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń na èékánná sí lékeléke nígbà tá a wà ní kékeré, pé kó fún wa ní funfun. Ẹyẹ yẹn náà ni o.

Àwọn òṣìṣẹ́ FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ ìjọba nílẹ̀ wa, ní iṣẹ́ lílé ẹyẹ lára iṣẹ́ wọn. Jákèjádò ayé, wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń fa omi tó dúró gbẹ, wọ́n ń fi ariwo ńlá lé ẹyẹ. Níbòmíì, wọ́n tiẹ̀ ń lo ajá tàbí àṣá tí wọ́n ti kọ́.

Àmọ́ odi pápákọ̀ ni agbára wọn mọ. Àwòdì ò mọ odi. Ohun tó ń pe àwòdì ni ààtàn: oúnjẹ tó bàjẹ́, ìfun ẹran, orí ẹja, òkú eku. Ìdí nìyẹn tí àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ICAO, fi gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ààtàn láàárín kìlómítà 13 sí pápákọ̀. Mo gbé máàpù, mo fi kọ́ńpáàsì mi fa òbìrìkìtì yíká pápákọ̀ Ìkẹjà. Agége wà nínú rẹ̀. Òṣòdì, Mùṣin, Ìsọlọ̀, Ejìgbò, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Ààtàn ńlá Ọjọ́ta wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé wa wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ dé ilé wa

Ibi tí mo dé nìyí tí ìtìjú fi mú mi, ó sì yẹ kí n sọ òótọ́. Màmá mi ń dín ẹja tà nítòsí ọgbà ilé ìwé wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ ẹja wọn. Ìfun àti ìpẹ́ ẹja yẹn, ẹ̀yìn ọgbà la máa ń dà á sí. Èmi gan-an ni wọ́n máa ń rán. Èmi tí àyà mi já lọ́jọ́rú yẹn, èmi ni mo gbé abọ́ ìfun lọ dà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ìfun ẹja tí à ń dà sẹ́yìn ọgbà yẹn, ó ń pe àwòdì wá. Àwòdì sì léwu fún bàálù."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìfun ẹja tèmi ló fẹ́ já bàálù? Gbogbo àdúgbò ló ń da nǹkan síbẹ̀, tèmi nìkan lo rí?"

Mo mú ìwé ìṣirò mi jáde. Wọ́n ní àwọn ò bá mi ka Físíìsì. Mo dákẹ́. Ìgbà tó yá, mo ní, "Màmá, bàálù tí Àǹtí máa wọ̀ bọ̀ láti Àbújá ní Kérésìmesì, ó lè jẹ́ orí ààtàn yẹn ló máa gbà kọjá."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń yí ẹja wọn nínú epo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo rí ike kan tó ní ìdérí lábẹ́ tábìlì wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da ìfun sí báyìí, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá méjì, ọkọ̀ PSP sì ń gbé e lọ. Wọ́n ní kí n má rò pé èmi ni mo borí o, àwọn kàn rò ó fúnra àwọn ni.

Kí la lè ṣe níbí?

Òótọ́ ni Màmá mi sọ, kì í ṣe tiwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìdajì ohun tó wà lórí ààtàn yẹn ń ti ọgbà wa jáde. Ìyókù ìrẹsì wa ni, ọ̀rá búrẹ́dì wa ni, ohun tí à ń jù kọjá odi lẹ́yìn bírékì ni. Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun jíju oúnjẹ kọjá odi. Dúróọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ.

Ìkejì, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti Ọ̀gá wa, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Dúróọ̀mù méjèèjì yẹn ò ní ìdérí. Mo ti rí àwòdì tó bà lé ọ̀kan tó sì gbé egungun lọ. Ẹ bá wa ṣe ìdérí sí wọn. Health Prefect wa ti gbà pé òun máa rí i pé wọ́n ń bò wọ́n.

Ìkẹta, kí ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń ta oúnjẹ, tó ń pa adìẹ tàbí tó ń ta ẹran ládùúgbò yìí, bá wọn sọ ọ́ nílé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ má lọ pariwo mọ́ wọn pé apààyàn ni wọ́n. Ẹ kàn bi wọ́n pé ta ni wọ́n mọ̀ tó ń wọ bàálù.

Ẹni tó pa òwe fún mi ní kíláàsì ò parọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà pa á, ẹyẹ nìkan ló ń fò. Ní báyìí, àwa náà ti wà lójú ọ̀run, èèyàn ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n ń gba orí ilé ìwé wa kọjá bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí.

Lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn máa lọ gbá ẹ̀yìn ọgbà. Ẹ mú ìgbálẹ̀ àti ọ̀rá dání. Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn máa dín ẹja fún àwọn tó bá wá, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ ju egungun rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè nípa bàálù, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Ẹnì kan ti béèrè ìdí tí bàálù fi máa ń gbọ̀n nínú ìkùukùu. Ìyẹn ni màá dáhùn nígbà mìíràn. Ó dìgbà o.